Orin Tí Mo Kọ Kí N Tó Bímọ

Kí n tó bímọ, orí mi kì í dákẹ́. Bí mo bá ń fọ abọ́, ìlù kan á máa lọ nínú rẹ̀: gbì, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó tí kò fẹ́ sinmi. Bí mo bá wọ ọkọ̀, ó bá mi wọ ọkọ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá sùn, ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń jó. Mo rò pé gbogbo ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìlù náà dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Orin háòsì ni mo ń ṣe. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkòròdú máa ń béèrè pé èwo tún ni háòsì. Fújì ni wọ́n mọ̀, wọ́n mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mọ ti àwọn ọmọ tó ń fi ẹnu sáré. Háòsì kò le. Ìlù ńlá kan ló máa ń lù ní gbogbo ìṣísẹ̀, kì í yẹ̀, kì í sinmi. Àtẹ́wọ́ á máa bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbólóhùn kan péré lè tó odindi orin, bí o bá ti mọ ibi tí wàá gbé e sí. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò ní ọ̀rọ̀ gígùn.

Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé girama tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì kò gbè mí, mo lọ ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ọ̀gá wa ti ní yàrá kékeré kan tó ń pè ní sitúdíò. Ó ti fi páálí ẹyin lẹ gbogbo ara ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà jáde. Bí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń yọjú sí i níbẹ̀. Mo wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rí i pé bí ọpọ́n ayò ló rí: ihò ihò ni, ihò tí o bá ju ọmọ ayò sí ni yóò dún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ta ọpọ́n kan."

Ó ní, "Àwọn obìnrin ń kọrin, wọn kì í ṣe ìlù bíìtì."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kì í ṣe bíìtì, ẹ kàn ń da ariwo pọ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde fún mi lórí àga. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá mi ní ìwà kan: bí nǹkan bá wù ú, kì í yìn ọ́, yóò gbá itan ara rẹ̀, yóò sì bú ọ. "Olè ni ẹ́! Níbo lo ti jí eléyìí?" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè mí ní olè, mo fẹsẹ̀ rìn délé, mi ò rántí wọ ọkọ̀.

Kò sí ilé ijó tó fẹ́ orin wa nígbà náà. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ ni kóòṣì kan tó máa ń kó àwọn ará ẹ́sítéètì jọ ní àárọ̀ Sátidé láti ṣe eré ìdárayá. Àwọn tó ń jí lọ sí Èkó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ikùn wọn ti yọ nítorí ìjókòó, àwọn ni. Kóòṣì ní orin mìíràn máa ń mú wọn jó ijó tiwọn, wọn kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tèmi kì í jẹ́ kí wọ́n ronú. Mo gbà á bí oríyìn. Bí àwọn ìyá onísòkòtò fífẹ̀ ṣe ń fò sókè sódò lórí ìlù mi nìyẹn, tí èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí inú mi ń dùn bí ẹni tó bí gbogbo wọn.

Mo wà nínú oyún nígbà tí mo ṣe orin tí mò ń sọ yìí. Gbólóhùn kan ni: "Mo ń bọ̀ o, ẹ má tìlẹ̀kùn." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ohùn ara mi kọ ọ́ sí i kí n lè mọ ibi tí nǹkan máa bọ́ sí. Ọ̀gá mi gbé e fún díjéè kan ní erékùṣù Èkó, ẹni tó ń kó orin jọ sí sídíì kan tí wọn yóò máa lù létí òkun. Díjéè náà ránṣẹ́ padà pé òun yóò mú un, ó sì yẹ kó jẹ́ orin tó ṣíwájú nínú sídíì náà. Ìṣòro kan ló wà: ohùn tó wà lórí rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Oyún ló ń mí. Ọ̀gá ní kí n lọ bímọ, bí mo bá dé, a ó tún ohùn náà kọ. Ayọ̀ tí mo ní ọjọ́ náà, mo rántí pé mo ní in. Mi ò lè rántí bó ṣe rí.

Mo bí ọmọ ní ọ̀sán kan tí òòrùn mú. Wọ́n gbé e lé mi láyà. Mo wò ó. Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Èmi lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí ọmọ?"

Mi ò mọ̀.

Ìyá mi ló yẹ kó wá tọ́jú wa ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ẹja yíyan ló ń tà ní Ọjà Olúwo, kò sì lè fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ó ní kí wọ́n gbé wa wá sí Ẹ̀pẹ́. Ogójì ọjọ́ ni a ó lò, èmi àti ọmọ, nínú ilé, láì rékọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nílé wa, bóyá o jẹ́ mùsùlùmí bí ìyá mi ni o, bóyá o jẹ́ ẹlẹ́ṣin mìíràn ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń rí àyè wá.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe orúkọ mi mọ́. Ìyá Ìkókó ni mò ń jẹ́. Ìyá mi á fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná tẹ ikùn mi títí màá fi ké. Lẹ́yìn náà ló máa ń kan ọmọ. Á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àpótí, á tẹ́ ọmọ lé itan, á fi kànrìnkàn bọ ọṣẹ dúdú, á fọ gbogbo ìpàdé ara rẹ̀, á fi òrí pa á, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn: pá, pá. Á mú ọwọ́ ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, á gbé e sọ sókè, á hán an. "Má bẹ̀rù! Ọmọ ọkùnrin kì í bẹ̀rù! Gùn! Na ara! Ṣé ojo ni bàbá rẹ?" Bó bá ti gbá a lẹ́yìn báyìí, ọmọ á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, á le bí igi ọṣẹ.

Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Àwọn ènìyàn rò pé inú mi bàjẹ́, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n fi ọkàn balẹ̀. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí bí a bá jókòó lé e pẹ́, tó kú tipiri, tí o fọwọ́ kàn án tó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn? Gbogbo inú mi ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ń fún ọmọ lọ́mú. Mo ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bó bá sùn, mo máa ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo fọ́tò ọmọ aládùúgbò: ọmọ tó dára, kí Ọlọ́run dá a sí. Ìlù orí mi kò lù mọ́. Mo ti ìka sí etí, mo tẹ́tí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi bí yàrá sitúdíò ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀.

Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ó wá ń béèrè ní gbogbo Sátidé, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ibà ti lọ: "Ṣé o ti gbọ́ ìlù ẹ?"

"Rárá."

"Kò burú. Jẹun."

Ọ̀gá mi wá pe fóònù ìyá mi. Ojú ti ń kán díjéè, sídíì náà fẹ́ jáde. Ìyá mi tẹ ibi tí ohùn á ti jáde sí gbangba, nítorí kì í gbé fóònù sétí, ó ní ó ń gbóná.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Àbúrò mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, lórí orin yẹn."

"Orin wo? Ìkókó tó ń kọrin fún wa wà níbí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣé kí n gbé fóònù sí i lẹ́nu?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ò ní pẹ́. Màá fi mọ́tò wá gbé e, màá sì dá a padà."

"Obìnrin tí kò tíì pé ogójì? Kó gba ọ̀nà Ìmọta yẹn nínú atẹ́gùn, kí òtútù wọ̀ ọ́ léegun, kó máa di ìbàdí mú bó bá di àgbà? Ọ̀gá, nígbà tí ìyàwó tìrẹ bímọ, ṣé o gbé e jáde?"

"Ìyàwó mi ò tíì bímọ, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti fura."

Ọ̀gá ní ọmọbìnrin kan wà nínú kọ́yà ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, ohùn rẹ̀ dára. Bí mi ò bá lè wá, òun á ní kó kọ ọ́. Mo gbọ́. Mo mọ ohun tó ń sọ. Orin tí mo kọ, tí mo lù, tí mo tò ní ihò ihò, orin tó lè jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ mí kọjá àárọ̀ Sátidé ní ẹ́sítéètì, ẹlòmíràn ló máa gbé ohùn sí i. Mo dúró kí nǹkan kan gún mi láyà. Kò sí ohun tó gún mi.

Ìyá mi ló bínú. "Ṣé o rò pé ọmọ mi ti yadi ni? Gbé ẹ̀rọ ẹ wá síbí. Ogójì ọjọ́ dè é mọ́lẹ̀, kò de ìwọ."

Ọ̀gá wá lóòótọ́. Ó yá láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé máìkì kan sínú àpò, ó ra ọṣẹ ìfọṣọ àti ẹ̀wù kékeré méjì fún ọmọ. Ó gbé ibùsùn ìyá mi dí ojú fèrèsé kí ariwo ìta má baà wọlé, ó ní kí n fi àwọn aṣọ ìró ìyá mi kọ́ ara ògiri yí wa ká. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo yàrá náà. Kò sí iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó bẹ ìyá mi pé kó dá ìwẹ̀ ọmọ dúró díẹ̀.

Ìyá mi ní, "Omi ti gbóná. Ọmọ kì í dúró de ẹ̀rọ." Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo kọ ọ́. "Mo ń bọ̀ o, ẹ má tìlẹ̀kùn." Ohùn náà jáde, ó bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, kò mí hẹlẹ mọ́. Mo tún un kọ. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò létí, ó ní, "Ó dára."

Kò gbá itan. Kò bú mi. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ohùn náà. Ẹni tó ń sọ pé òun ń bọ̀ kò ń bọ̀ láti ibì kankan.

"Jẹ́ ká tún gbìyànjú," ló wí. Bí mo ṣe la ẹnu, ọmọ ké ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi ti dé ibi tó ti ń gbá a lẹ́yìn. Pá. "Na ara!" Pá. "Ìwọ ọmọ olórin!" Ọmú mi ti gbọ́ ẹkún náà kí èmi tó gbọ́ ọ, wàrà ya, ó mu iwájú bùláòsì mi tútù títí dé ikùn. Mo dúró síwájú máìkì báyẹn, mi ò kọrin, omi ń ro lára mi. Ọ̀gá mi yí ojú sí ògiri. Ọmọlúàbí ni.

Ó kédùn lábẹ́lẹ̀: "Máìkì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màá ní láti pa eléyìí rẹ́."

Mo ní, "Ẹ fún mi."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, mo dá ohùn náà padà. Ọwọ́ ìyá mi lórí ẹ̀yìn ọmọ mi, pẹ̀lú òrí láàárín wọn: kì í ṣe pá tó gbẹ bí ti ẹ̀rọ, ó tutù, ó wúwo, ó ní ìdí. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gé ẹkún kúrò níwájú, ó gé "na ara" kúrò lẹ́yìn, ó ṣẹ́ kù sí ẹyọ pá kan péré. Ó yọ àtẹ́wọ́ ẹ̀rọ kúrò nínú gbogbo ihò tó wà, ó ju èyí sí i dípò rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ náà bí mo ṣe máa ń wo ojú ọmọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò nílò mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ kó dún. Ọ̀gá gba etí hẹ́ẹ̀dìfóònù kan lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ díẹ̀, ó gbá itan. "Olè!"

Ìyá mi wọlé, ọmọ ti sùn léjìká rẹ̀, ara ọmọ náà ń dán bí ẹja tútù. A fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí ìyá mi létí. Ó fajú ro. "Ta ni wọ́n ń nà?"

"Ẹ̀yin lẹ ń nà án."

"Èmi? Mo ń wẹ ọmọ, ẹ̀ ń jí ọwọ́ mi!" Ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ kúrò létí. Ó gbọ́ ọ dópin.

Bátìrì ti fẹ́ tán. Ọ̀gá bi mí pé ohùn ńkọ́, ṣé ká tún kọ ọ́. Mo wo máìkì náà. Ó rẹ̀ mí, kì í ṣe rírẹ̀ tí oorun lè wò. Mo ní, "Ẹ fún ọmọbìnrin kọ́yà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ fún un."

Ìyá mi dúró títí ọ̀gá fi di ẹrù rẹ̀ tán tó sì lọ, kó tó dojú kọ mí. "Mo bá ọkùnrin yẹn jà nítorí rẹ. Mo jẹ́ kó fi ibùsùn mi dí fèrèsé. O wá fi orin rẹ ta ènìyàn lọ́rẹ bí ẹni fún ni ní iyọ̀?"

"Mọ́mì, mi ò ní ohùn tí màá fi kọ ọ́."

Ó wò mí pẹ́, ó wo iwájú bùláòsì mi tó tutù. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó mú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná ẹja, ó jókòó tì mí, ó ń fẹ́ àwa méjèèjì. Kò dá abẹ̀bẹ̀ náà dúró títí wọ́n fi pe ìrun.

Nígbà tí a pé ogójì, wọ́n gbé wa jáde, wọ́n fi omi tútù wọ́n orí òrùlé kó kán sí wa lára, ọkọ mi sì wá kó wa padà sí Ìkòròdú. Gbogbo ènìyàn ní mo ti sanra. Mo ń se oúnjẹ, mo ń fọ aṣọ ọmọ. Mi ò dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ránṣẹ́ pé sídíì ti jáde, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Mo tì í sábẹ́ àwọn ìwé ilé ìwé mi, mi ò gbọ́ ọ. Ọ̀gá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí díjéè bá gba orin, ó máa ń yọ ohun tó bá wù ú, nítorí náà mi ò retí nǹkan kan.

Kóòṣì ló pàdé mi lọ́jà tó ní kí n gbé ọmọ wá kí àwọn ìyá ẹ́sítéètì rí i. Mo lọ ní Sátidé nítorí pé mi ò rí ohun tí màá fi kọ̀ ọ́. Mo pọn ọmọ, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wo ènìyàn. Wọ́n yọ̀ mọ́ wa. Wọ́n ní ó jọ mi. Wọ́n tò padà sí ìlà, kóòṣì sì ki sídíì kan bọ inú ẹ̀rọ.

Ìlù ńlá náà bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, bí ènìyàn ṣe ń mọ ọ̀nà ilé tó ti kó kúrò. Ọmọbìnrin kọ́yà wọlé: "Mo ń bọ̀ o, ẹ má tìlẹ̀kùn." Ohùn rẹ̀ dára lóòótọ́. Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Àwọn ìyá ń fò. Mo dúró síbi tí mo máa ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, pé kò dùn mí, pé ohun tí kò dun ènìyàn kì í ṣe àdánù.

Ìgbà náà ni àtẹ́wọ́ wọlé.

Pá.

Wọn ò yọ ọ́. Ọwọ́ ìyá mi, òrí, ẹ̀yìn kékeré yẹn. Lẹ́yìn mi, nínú ọ̀já, ọmọ mi na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Ó le gbagidi bí igi ọṣẹ. Ó rọ̀. Pá. Ó tún na ara, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tì mí níhà méjèèjì, ó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò gbé òun sọ sókè.

Ó mọ orin náà. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà ní pápá yẹn, òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Nǹkan kan ń ta mí ní gbogbo ara, bí ẹsẹ̀ tó kú tipiri ṣe máa ń ta ènìyàn bí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sínú rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi. Ó ń ro mí. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré mú lábẹ́ ọ̀já, mo dúró de àtẹ́wọ́ tó kàn, mo sì mọ ibi tó máa bọ́ sí kó tó bọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí orin tán, kóòṣì fẹ́ yí i sí òmíràn. Mo ní kó má yí i. Mo ní kó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà di ìbàdí mú, ó ń mí. "Ìyá Ìkókó, ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Mo ní, "Ẹ fò, mà."